Ọkọ́ Létí Òkun

Nínú ilé tiwa ní Ìkòrò-Èkìtì, ẹni tó bá lọ ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé ọkọ́ tó ní erùpẹ̀ lẹ́nu wọlé. Ọ̀dọ̀ àna ni yóò ti fọ̀ ọ́. Ìyá mi ló ń ṣọ́ òfin yìí, kì í sì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹni tó ti gba ọmọ lọ́wọ́ ènìyàn kò tún gbọdọ̀ máa bu ilẹ̀ onílẹ̀ wálé díẹ̀díẹ̀. Bí a bá ń ti oko àna bọ̀, ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí. Á gba ọkọ́ lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi àtàǹpàkò ra á lẹ́nu, kó tó gbé e kọ́. Mo di òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kóòtù, Ìyá mi kò dẹ́kun àyẹ̀wò yìí.

Ẹni tí kò bá mọ ọ̀wẹ̀, iṣẹ́ ńlá tí ènìyàn kó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ láti bá òun ṣe ni. Nílẹ̀ wa, bàbá ìyàwó ẹni ló tọ́ sí jùlọ: ebè kíkọ, ilé mímọ, òrùlé títúnṣe. A kì í sì í kéde rẹ̀ fún un ṣáájú, kó má baà dà bí ìgbà tí à ń sọ fún un pé kó gbé ìkòkò kaná dè wá. Ṣe la máa ń yọ sí i lójijì. Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, wọ́n ní ìyẹn náà ni ọ̀wẹ̀. Mo máa ń bá wọn jà sí i. Owó kì í làágùn.

Ọmọ Ìlàjẹ ni ìyàwó mi. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ ló gbé e wá sí ọsibítù kan ní Ìjerò tí a fi pàdé. Ìyá rẹ̀ ti kú nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìlú bàbá rẹ̀ wà létí òkun gan-an, ẹ̀yìn Igbókòdá, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀. Ilé àbúrò bàbá rẹ̀ ní Igbókòdá la ti ṣe ìdána, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, gbogbo wa sì padà sílé láìfi ẹsẹ̀ kan omi. Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún la máa ń sọ pé a ó lọ kí Bàbá nílé, lọ́dọọdún niṣẹ́ ń dí wa lọ́wọ́.

Bàbá ní tirẹ̀ kò gbàgbé wa. Bí Kérésìmesì bá ti kù dẹ̀dẹ̀, apẹ̀rẹ̀ á ti ọ̀nà Àkúrẹ́ wọlé: edé gbígbẹ, sáwá yíyan, ọ̀bọ̀kún tó gùn tó apá ènìyàn, tí èéfín ti sọ di pupa. Òórùn rẹ̀ á gba gbogbo àdúgbò. Ìyá mi fẹ́ràn ẹja náà, ṣùgbọ́n àánú àwọn tó fi í ránṣẹ́ ń ṣe é. Ó bi ìyàwó mi léèrè nígbà kan pé irú oko wo ni wọ́n ń dá lọ́hùn-ún. Ìyàwó mi ní, inú omi ni oko àwọn. Ìyá mi mi orí, ó lọ mú iṣu méjì nínú àká, ó ní kó jẹ ẹ́ dáadáa. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìyá mi nìkan ni kò mọ nǹkan.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nígbà òjò, fóònù ìyàwó mi dún. Ó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ó jókòó sórí ìkòkò tó dojú dé, ó ní, “Òkun ti gba ilé Bàbá.”

Etí Èkìtì ni mo fi gbọ́ ọ. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ìjì a máa ṣí òrùlé, pàápàá lápá Ẹ̀fọ̀n tí òkè pọ̀ sí. Àgbàrá a máa wó ògiri. Ṣùgbọ́n bí ilé bá wó, ilẹ̀ rẹ̀ kì í wó. A ó ro ibẹ̀, a ó po amọ̀ tàbí kí a yọ búlọ́ọ̀kù, a ó sì tún un kọ́. Ìyàwó mi ń sọ̀rọ̀ lọ, èmi ti ń ka páànù lọ́kàn. Mo ní kó má bẹ̀rù. Ó wò mí bíi pé ó fẹ́ ṣàlàyé nǹkan kan sí i, mo tún ní kó má bẹ̀rù. Ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó ṣáájú lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, láti ìgbà náà fóònù rẹ̀ kò wọlé mọ́.

Mo ké sí ẹ̀gbọ́n mi, káfíńtà tó ń gbé ní Àrámọkọ. Mo ké sí àwọn ọkùnrin mélòó kan nínú ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, àgbẹ̀ ni gbogbo wọn, apá wọn ṣì le. Kò sí ẹni tó kọ̀. A gba lọ́rì kan, a kó páànù sí i, a kó pákó, sìmẹ́ńtì, ohun tí a fi ń yọ búlọ́ọ̀kù, àdá àti ọkọ́. Inú mi dùn dé ibi pé mo ń súfèé. Ìyá mi dúró ti lọ́rì, ó ní, “Ẹ kó uṣu dání o.” Ló bá kó iṣu tirẹ̀ lé ẹrù wa lórí, ó sì rán wa létí ọkọ́ fífọ̀ kí a tó lọ.

Ní etí omi Igbókòdá, a bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹrù sílẹ̀. Àwọn ènìyàn ń wò wá. Mo rò pé wọ́n ń yẹ́ wa sí ni. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi bi mí pé níbo la fẹ́ dáko sí. Ó fi ọ̀wọ̀ béèrè, ṣùgbọ́n ara mi kì í gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo ní kó wa ọkọ̀ rẹ̀. Ó wà á.

Ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ń fi ẹnu pa ẹkùn nílé, jókòó sí àárín ọkọ̀, ó di pákó mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń kọ orin ìsìn sínú. Omi gbà wá lọ láàárín ewé tó léfòó. A kọjá àwọn ilé tó dúró lórí òpó, obìnrin ń yan ẹja níwájú wọn, èéfín ń rìn lójú omi. Àwọn ọmọ tó wọ aṣọ iléèwé ń wa ọkọ̀ kékeré fúnra wọn bí tiwa ṣe ń gun kẹ̀kẹ́, wọ́n juwọ́ sí wa. Bí a ṣe ń lọ ni mò ń wá ibi tí ilẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yí padà, iyọ̀ wọ ètè mi, mo gbọ́ òkun kí n tó rí i. Ìgbà náà ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé mo ti ṣe àṣìṣe.

Orí afárá pákó ni wọ́n já wa sí. Pákó ni ojú ọ̀nà wọn, omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí wa. Ó sáré bọ̀, inú rẹ̀ dùn, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ bọ́ sára ọkọ́ tó wà léjìká mi, ó sì dúró.

“Bàbá àwọn ọmọ, kí lẹ fẹ́ fi ọkọ́ ṣe?”

Mo ní ilé Bàbá la wá kọ́. Ó na ọwọ́ sí iwájú. Mo tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀, mo rí àwọn òpó díẹ̀ tó yọrí lójú omi, tí ìgbì ń gba àárín wọn kọjá. Ẹyẹ kan bà lé ọ̀kan nínú wọn. Lẹ́yìn wọn, òkun ni títí dé ibi tí ojú kò lè dé mọ́.

“Ulé dà?” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó tún bojú wo ìsàlẹ̀. “Ulẹ̀ dà?”

Ojú tì mí. Ẹni tí ojú bá tì a máa gbàdúrà pé kí ilẹ̀ lanu kí òun wọlé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ gan-an ni kò sí. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, àwọn ẹgbẹ́ mi tò sẹ́yìn mi pẹ̀lú tiwọn, ẹrù sìmẹ́ńtì sì ń tẹ afárá àwọn onílé. Àwọn ará ìlú ti pé lé wa lórí. Obìnrin kan fi igbá bo ẹnu, ó bi ẹnìkejì rẹ̀ léèrè bóyá òkun ni àwọn àna yìí fẹ́ kọ ní ebè. Ẹ̀rín bú. Mo ti bínú sí ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé mi, n kò rí ẹni tí mo lè bínú sí níbẹ̀ àfi ara mi.

Bàbá jáde láti ilé mọ̀lẹ́bí tó sá sí. Ó rù, ó ga, omi àti oòrùn ti lo awọ ojú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí pákó tó tutù, ọkọ́ bọ́ léjìká mi, ó dún gbàgà. Ó fa mí dìde. Ó wo ọkọ́ náà, ó wo tàwọn tó kù, ojú rẹ̀ sì yí padà lọ́nà tí kò yé mi nígbà náà. Ó kọjú sí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Àna mi ni. Iṣẹ́ ni wọ́n wá ṣe fún mi.”

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pè wá ní òṣìṣẹ́ òun. Ó dúpẹ́ iṣu, ó dúpẹ́ páànù, ó dúpẹ́ sìmẹ́ńtì tí òjò òkun yóò sọ di òkúta láìpẹ́. Ìdúpẹ́ yẹn dùn mí ju ẹ̀rín lọ.

Nígbà tí oòrùn rọ̀ díẹ̀, ó ní kí a bá òun rìn, kí a sì mú ọkọ́ wa dání. Mo rò pé kí ojú má baà tì wá ló ṣe ní kí a mú un. Ó ń rìn, ó ń fi ìlú hàn wá, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò sí mọ́. Ó nawọ́ sí ojú omi, ó ní ọjà wà níbẹ̀. Ó tún nawọ́, ó ní iléèwé tí òun lọ ló wà lọ́hùn-ún. Ó ní ẹja ni àwọn bàbá ńlá wọn tẹ̀lé débẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀n, wọ́n sì fi igi àti àdúrà tẹ ìlú dó. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá rán ọmọ lọ sí etí òkun, yóò ti rẹ̀ ẹ́ kó tó débẹ̀, nítorí iyanrìn gbòòrò, igi àgbọn sì kún un. Ìjàpá ńláńlá inú òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin sí iyanrìn náà. Sáwá máa ń wọ́ wá tó bẹ́ẹ̀ tí àwọ̀n ń fà ya, akàn á sì máa sáré wọ inú ilé ìdáná fúnra rẹ̀. Àwọn tó wá ẹja wá ni òkun wá bẹ̀rẹ̀ sí í lé. Ó gba òpópónà kan, wọ́n sún sẹ́yìn. Ó gba òmíràn, wọ́n tún sún. Àwọn ọ̀dọ́ tó lágbára ti kó lọ, àwọn ọmọkùnrin tirẹ̀ wà lójú omi níbi tó jìnnà.

A dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti rí ilẹ̀ ní ìlú náà: iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, igi àgbọn díẹ̀, àgbélébùú onígi tó ti ń dagun. Ìgbì ń lá ẹsẹ̀ igi àgbọn tó wà lẹ́bàá. Bàbá dúró síwájú àgbélébùú kan.

“Ìyá ìyàwó rẹ nìyí,” ló wí fún mi. “Ọmọ bíbí kì í hú egungun ìyá rẹ̀. Àna ló ń ṣe é. A kì í sì í ránṣẹ́ pe àna sí i, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé e wá. Mo ti ń retí rẹ. Nígbà tí mo rí ọkọ́ lónìí, mo ní ẹnì kan ti sọ fún ọ.”

Ìyẹn ni ohun tí mo rí lójú rẹ̀ lórí afárá. Nígbà tí gbogbo ìlú ń fi ọkọ́ wa rẹ́rìn-ín, òun nìkan ló rò pé mo mọ ohun tí mo gbé wá. Àbúrò rẹ̀ ní Igbókòdá ti fún un ní àyè lẹ́yìn ilé, níbi tí òkun kò lè dé. Ohun tó kù ni kí á gbé ìyá náà lọ. Mo wo ìyàwó mi. Kò bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lára mi.

Ẹ̀gbọ́n mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ilé ni òun gbọ́, òun kò gbọ́ sàréè. Ó ní ilẹ̀ ti ń ṣú, pé ó yẹ kí a pe pásítọ̀ wa nílé kó gbàdúrà sí i ná. “Òkú kè é ṣe uṣu,” ló wí. Àwọn tó kù ń wo ẹsẹ̀ wọn, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tiwọn náà ló ń sọ. Mo lè sọ pé kí wọ́n lọ jókòó, kí n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, kí n gbẹ́ ẹ fúnra mi. Iyanrìn ni, kì í ṣe òkúta. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ojú sì ti tì mí tó lọ́jọ́ náà, n kò tún fẹ́ kí àwọn ènìyàn mi máa wò mí tí mò ń hú egungun. Mo fi ẹ̀gbọ́n mi bojú.

Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá, mo kúnlẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́.

Ìyàwó mi ní, “Omi máa kún lóru.”

Mo ní a ó tètè jí. Ìbẹ̀rù ni, mo pè é ní ọgbọ́n. Bàbá wo òkun, ó wò mí. Bí mo bá jẹ́ ọmọ rẹ̀ ni, ì bá bú mi. Ṣùgbọ́n àna ni mí, ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti fi tipátipá rán mi níṣẹ́.

Ó ní, “Kò burú, àna mi. Òkun ló ń dá ọjọ́, àwa kọ́.”

A tètè jí lóòótọ́. Èmi ni mo ṣáájú, ọkọ́ wà léjìká mi, mo ti fi dá ara mi lójú pé bí ẹnikẹ́ni kò bá tẹ̀lé mi, n ó dá a ṣe. Mo ti pinnu gbogbo ohun tí n ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ìyàwó mi ti dúró sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú wa. Àwọn igi àgbọn ti dùbúlẹ̀ sínú omi, orí wọn ń mì. Iyanrìn náà ti lọ, ó gé bí ẹni fi ọ̀bẹ gé ẹ̀kọ. Kò sí àgbélébùú kankan. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí fìlà. Èmi wọ inú omi lọ títí ó fi dé orúnkún mi, n kò mọ ohun tí mò ń wá.

“Ẹ jáde níbẹ̀,” ni ìyàwó mi wí.

Mo jáde. Kò bá mi jà, kò sunkún níwájú mi. Ó yí padà, ó lọ bá bàbá rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tó jókòó sí nìkan lórí bẹ́ǹṣì. N kò lè wọlé tẹ̀lé e.

Mo fẹ́ kí a gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bàbá kọ̀. Ó ní ẹni tó wá ṣe ọ̀wẹ̀ kì í lọ láìjẹun. Wọ́n gbé oúnjẹ wá: ẹ̀bà, akàn, ọ̀bọ̀kún tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi, obìnrin tó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lánàá sì wà lára àwọn tó sè é. Ó bu tèmi kún, ó pè mí ní àna. A jẹ oúnjẹ òṣìṣẹ́, a kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí a dìde, Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa bí ó ṣe dúpẹ́ lánàá, ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀. Ó fi apẹ̀rẹ̀ ẹja kún ẹrù wa fún ìyá mi.

Kò sẹ́ni tó súfèé nínú lọ́rì nígbà tí a ń bọ̀. Ìyàwó mi jókòó níwájú, ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà lé itan. Mo fẹ́ kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí mi lójú, kó tilẹ̀ bú mi, kí ara lè fúyẹ́. Ó bi mí bóyá ebi ń pa mí.

Ìyá mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé Ìkòrò. Ó bi wá bóyá iṣẹ́ parí.

“Ó ti parí, Ìyá,” ni ìyàwó mi wí. Ó gbé ẹja kọjá sí ilé ìdáná.

Ìyá mi gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó fi àtàǹpàkò ra á lẹ́nu. Ó gba tèmi. Ó ra á lọ, ó ra á bọ̀, kò rí erùpẹ̀ kankan, bó ti wù kó kéré mọ. Ọdún mélòó ló fi ń bá mi jà lórí ọkọ́ fífọ̀, kò yìn mí rí. Ó gbé e sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

Ó ní, “Báyìí ni wọ́n ń ṣe é.”